Orúkọ Tí N Kò Lè Pè ní Èbúté Ẹ̀pẹ́

Tí ìrìn àjò bá wà nílẹ̀, ọkọ mi kì í sùn, kódà bí kì í bá ṣe òun ló ń lọ. Àkùkọ ò tíì kọ lọ́jọ́ náà tó ti ń fi okùn di àpótí aṣọ wa mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tó ń pariwo pé ilẹ̀ ti mọ́. Irọ́ gbuu! Òkùnkùn ṣì bo gbogbo Lásunwọ̀n, àdúgbò wa ní Ìkòròdú, ajá ojúde wa ò tilẹ̀ gbé orí. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ló gbà á gbọ́. Múńírù, àkọ́bí mi, wọ bàtà kó tó wọ ṣòkòtò. Sìkírá àbúrò rẹ̀, tí kì í jí láìsunkún, jí lọ́jọ́ náà tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ pé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì la máa wọ̀, pé orí omi la máa wà títí oòrùn á fi yí, pé ọ̀dọ̀ ìyá bàbá wọn l'Ẹ̀pẹ́ la ti máa lo ìsinmi.

Láyé ìgbà yẹn, kí a tó gba òmìnira, tí o bá ní o fẹ́ kó ọmọ gun orí omi láti lọ gbafẹ́, wọ́n á bi ọ́ bóyá ara rẹ yá. Ìyá mi bi mí. Ó ní, "Omi kì í ṣe ibi eré. Mọ́tò wà ńlẹ̀, o ní ọkọ̀ ojú omi lo fẹ́."

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà ṣáà mọ ọ̀nà Ìtòíkìn. Tí a bá fi máa dé ibẹ̀, eruku á ti sọ àwọn ọmọ yìí di pupa bí epo."

Ìyá mi pòṣé, ó lọ dín àkàrà fún wa.

Kí n má purọ́ fún yín, omi kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ìyá ọkọ mi ni, ẹni tí gbogbo ilé wọn ń pè ní Ìyá. Ọmọ onígbàgbọ́ ni mí, ọmọ Ìkòròdú. Mùsùlùmí Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ará ilé ọkọ mi, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ lára ọ̀sà. Nígbà tí a ń ṣe ìgbéyàwó, Ìyá ò wá. Ọ̀rọ̀ ló fi rán ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbúrò ọkọ mi, sí wa. Ó ní, "Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó kàwé yẹn, orúkọ ọmọ mi ni yóò máa pè mọ́ ọn lórí bí ìyàwó òyìnbó."

Háà! Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ tó ń rákò. Ó ní láti wá orúkọ mìíràn fún un, orúkọ tó dùn létí. Ta ni Ìyá rò pé ó tọ́ mi, tí n kò ní mọ ìyẹn? Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo ti ẹnu mi pa, mo sì sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù. Àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ iṣẹ́ náà kò lè jẹ́ ẹ tán fún ẹ̀rín. Ó dúdú, ó ga, eyín rẹ̀ funfun kinniwin. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ kú ìrìn." Inú rẹ̀ dùn, ó gbá mi mọ́ra. Láti ìgbà náà, tọ́dún bá ti ń parí, á gbé ẹja yíyan wá fún wa. Ọkọ mi pàápàá ti gbàgbé, Eyínfúnjowó lòun náà ń pè é nínú ilé. Orúkọ yẹn nìkan ni àwọn ọmọ mọ̀.

Ṣùgbọ́n Ìyá ò wá rárá. Ìgbà tó ránṣẹ́, ó ní ojú òun ti ń ṣe bàìbàì, kí wọ́n kó àwọn ọmọ wá kí òun rí wọn kí ojú náà tó kú pátápátá. Àwọn ọmọ ló ní kí wọ́n kó wá. Kò mẹ́nu ba ìyá wọn. Ohun tí mo gbé sáyà lọ sí Ẹ̀pẹ́ nìyẹn: bóyá ilé ọkọ ni mò ń lọ, tàbí ẹrù àwọn ọmọ ni mo kàn ń bá wọn gbé.

Ọkọ mi ì bá bá wa lọ, ṣùgbọ́n káfíńtà ni; ó gba iṣẹ́ bẹ́ǹṣì ilé ìwé kan, kò sì tíì parí rẹ̀. Ó ní ọjọ́ Ẹtì lòun máa tẹ̀lé wa. Ní Èbúté Ìkòròdú, ó gbé àpótí sínú ọkọ̀, ó ní, "Àbúrò mi á ti dúró dè yín lọ́hùn-ún. Bí o ò bá rí i, pe orúkọ rẹ̀. Gbogbo ẹja tó wà nínú ọ̀sà ló mọ̀ ọ́n." Ó wá dárúkọ rẹ̀ gan-an sí mi létí.

Mo ní, "Ta ló máa pe orúkọ? Èmi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Omi kì í ṣòfófó."

"Ẹ fi èyíinì sílẹ̀," ni mo wí, mo sì gba Sìkírá lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó ọkọ̀ nígbà náà kò ju ṣílè méjì fún àgbà lọ. Sísì ni wọ́n gbà lórí Múńírù, wọn ò gba nǹkan kan lórí Sìkírá nítorí pé itan mi ló jókòó lé. Ọkọ̀ náà gùn, wọ́n fi páánù bo orí rẹ̀, bẹ́ǹṣì pákó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àpò gaàrí, agbọ̀n obì àti adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ ló kún àárín. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ́kọ́ wúkọ́ títí, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún tàkò-tàkò-tàkò. Bàbá arúgbó kan tó dé fìlà gbígbó ló ń tù ú. Kí a tó kúrò ní èbúté tán, Múńírù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ọkọ̀ yìí lè rì?"

Bàbá ò tilẹ̀ wò ó. Ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ yìí dàgbà ju ìyá rẹ lọ, kò sì tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń rì. Ṣé á wá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ lónìí?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ti ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ láti ìgbà tí a ti wọlé pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì dá tẹ̀sùbáà náà padà sápò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀sà là gbalasa níwájú wa. Mo ti ń gbé nítòsí omi yìí látìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò mọ̀ pé ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. A kọjá Báyékù, a kọjá Ìjẹdé. Àwọn apẹja ti ri igi mọ́ inú omi níbẹ̀ bí ọgbà, kí ẹja lè wá forí pamọ́ sí i kí wọ́n tó wá fi àwọ̀n yí i ká. Mo rí obìnrin kan tó dá nìkan tu ọkọ̀ kékeré, ọmọ lẹ́yìn, igi ìdáná níwájú, tó ń kọrin. Nílé wa, tí ọmọ bá sún mọ́ kànga, gbogbo àdúgbò á fi igbe ta. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa ń bẹ́ sómi bí ọ̀pọ̀lọ́, ìyá rẹ̀ á sì máa yan ẹja rẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn. Sìkírá ń juwọ́ sí gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá juwọ́ padà, á bú u.

A dúró ní Èjìnrìn, ọjọ́ ọjà ni. Ẹja tí n bá rà ní sísì ní Ìkòròdú, tọ́rọ́ ni níbẹ̀, ó sì ṣì ń jà. Mo ra díndín, mo ra ẹ̀kọ tútù, a fi kún àkàrà ìyá mi. Ọkọ̀ ò tètè kúrò, nítorí àwọn oníṣòwò ń kó ẹrù bí ẹni tó ń kó kúrò nílùú. Ìgbà tí a wá gbéra, bí ẹni pé a ti fẹ́ máa wo Ẹ̀pẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ wa sáré, ó sọ gìdì, ó dúró. Ó ti fi àyà lé iyanrìn.

Bàbá atukọ̀ bọ́ fìlà rẹ̀, ó yẹ omi wò. Ó ní, "Iyanrìn yìí kò sí níbí lọ́jọ́ ìsinmi."

Àwọn ọkùnrin ká ṣòkòtò, wọ́n bọ́ sómi, wọ́n tì í, wọ́n tì í, kò mira. Ó wá di pé ká dúró kí omi kún. Mo retí kí àwọn ọmọ máa ráhùn. Ká má rí i! Ohun tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún láti Ìkòròdú nìyẹn. Wọ́n gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn níbi tí omi ò ti dé orúnkún, wọ́n ń sáré lé lékeléke káàkiri. Àwa obìnrin tú oúnjẹ wa síta, a fi ẹja jẹ ẹ̀kọ, a pín in fún ẹni tí kò mú tiẹ̀ wá. Múńírù ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, nítorí láyé ìgbà yẹn, tí ọmọ ò bá lè gba orí fi ọwọ́ ọ̀tún kan etí òsì, wọn ò ní gbà á. Gbogbo àwọn èrò ọkọ̀ pa iṣẹ́ wọn tì, wọ́n ń yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò. Ó ku díẹ̀. Ìyá onítẹ̀sùbáà ní kí wọ́n fà á lápá díẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọjọ́ kan padà nínú ayé mi, ìdajì ọjọ́ tí a lò lórí iyanrìn yẹn ni màá yàn.

Ìgbádùn náà ló sì kó bá mi. Nígbà tí omi gbé ọkọ̀ wa, tí a fi gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, oòrùn ti ń wọ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ túká wéré, kálukú sílé ẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí Eyínfúnjowó. Wọ́n ní àwọn tó wá pàdé ọkọ̀ dúró títí, wọ́n rò pé ọkọ̀ kò wá mọ́, wọ́n ti lọ sílé. Èmi nìyẹn, àpótí lẹ́sẹ̀, ọmọ méjì lọ́wọ́, nínú ìlú tí n kò dé rí.

Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ń palẹ̀ ọjà mọ́ nítòsí. Àgbà inú wọn, Ìyá Oníṣawá ni wọ́n ń pè é, pè mí. "Ìyàwó, ta lò ń wá?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Eyínfúnjowó ni."

Wọ́n wojú ara wọn. "Eyínfúnjowó wo?"

"Ó dúdú, ó ga. Ẹja yíyan ló ń tà. Eyín rẹ̀ funfun."

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ la ẹnu sí mi gbàgà, ó ní, "Èmi náà rèé! Eyínfúnjowó nìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí." Òmíràn ní òun náà. Èkẹta ní ìyàwó mẹ́ta ló ń pe òun bẹ́ẹ̀. Ìyá Oníṣawá ní, "Ọmọ mi, kò sí ilé tí kò ní Eyínfúnjowó l'Ẹ̀pẹ́. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ńkọ́?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Orúkọ ọkọ ẹ?"

"Bàbá Múńírù."

"Bàbá bàbá Múńírù ńkọ́? Agbo ilé ta ni?"

Agbo ilé náà, orúkọ bàbá ọkọ mi ni wọ́n fi ń pè é. Mo ní, "Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí."

"Mọ́ṣáláṣí!" ni obìnrin aláìléyín pariwo. "Mọ́ṣáláṣí pọ̀ ńbí ju ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ!"

Wọ́n bi Múńírù. Ó fi ìdánilójú sọ fún wọn pé Bàbá ni bàbá òun ń jẹ́, Eyínfúnjowó sì ni àǹtí òun, kò sí òmíràn.

Bàbá kan ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí, ilẹ̀ ń ṣú. Pe orúkọ náà jẹ́jẹ́ kí àwọn ọmọ rí ibi sùn. Ta ló máa gbọ́ lẹ́nu mi?"

Sìkírá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Màámi, ẹ jẹ́ ká padà sílé."

Mo la ẹnu. Orúkọ náà ti dé orí ahọ́n mi, mo mọ adùn rẹ̀ bí ẹni tó mu omi. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Ìyá yẹn wọ̀ mí létí: bí ìyàwó òyìnbó. Ẹ̀rù ń bà mí, ebi ń pa ọmọ mi, inú sì ń bí mi sí Ìyá tí n kò tíì rí sójú. Mo ní nínú ara mi pé tí mo bá pe orúkọ yìí, òótọ́ ni mo sọ ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn dà. Mo pa ẹnu dé.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Kò ṣeé ṣe."

Ìyá Oníṣawá ṣí gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin, ìyàwó kọ́ ni gbogbo wa ni? Ẹ bọ́ síbí! A ó máa pe orúkọ. Ìyàwó, bí a bá ti pe ti ọkọ ẹ, kúnlẹ̀ kí o kí i."

Ká sọ pé ẹ rí wọn! Wọ́n gbé agbọ̀n sílẹ̀, wọ́n tò yí mi ká. "Ràmọ́tà!" Mo dúró. "Kúdírátù!" Mo dúró. "Àlímọ́tù ẹlẹ́nu gígùn!" Mo dúró, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run yọ mí. "Sàfúrátù! Ṣẹ̀rífátù! Mùsílímọ́tù tó kọ ọkọ!" Múńírù ń bá wọn ka ìdúró mi bí ẹni pé eré ayò ni. Sìkírá ti dákẹ́, ó ń wò wá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ orúkọ, obìnrin aláìléyín pe ọ̀kan, kò tilẹ̀ pariwo.

Mo kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, orúnkún mi méjèèjì. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, ọkọ mi."

Igbe tó sọ níbẹ̀, ó dájú pé wọ́n gbọ́ ọ ní Èjìnrìn. Obìnrin aláìléyín ló sáré lọ pè é. Láìpẹ́ ni mo rí Eyínfúnjowó tó ń bọ̀, gèlè lọ́wọ́, bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó dì mọ́ wa. Àwọn obìnrin ń bá a sọ ọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kó gbé àpótí wa dáadáa títí a fi délé.

Ìyá jókòó lórí ẹní. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àṣálẹ́ tán. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kò tóbi tó ẹ̀rù tó fi bà mí. Àwọn ọmọ wólẹ̀, èmi kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, n kò wọlé. Eyínfúnjowó ò jẹ́ ká kí ara wa tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ èbúté.

Ìyá gbé ọwọ́ sókè. "O ní kò pè é?"

"Kò pè é, Ìyá."

"Ilẹ̀ ti ń ṣú, ọmọ ń sunkún, kò sì pè é?"

"Títí wọ́n fi bá a pè é."

Ìyá tẹ orí ba. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní, "Gbé àtùpà yẹn wá." Eyínfúnjowó gbé e lọ sójú àwọn ọmọ. Ìyá na ọwọ́, ó dá a dúró. "Kì í ṣe àwọn yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ni màá fi wo àwọn yẹn lọ́la. Gbé e sójú ìyàwó mi kí n rí i."

Ìyàwó mi. Ọdún tí mo ti ń retí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo rá kòrò wọlé. Ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n mi, ó sún mọ́ mi títí mo fi gbóòórùn àtíkè ara rẹ̀. Ó ní, "Ó ń sunkún. Ṣé ìyàwó òyìnbó náà máa ń sunkún báyìí?"

A jọ rẹ́rìn-ín, a jọ sunkún.

Ní òwúrọ̀, ó mú àwọn ọmọ bọ́ sójú oòrùn, ó yí orí wọn sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń ra àgbò iléyá. Múńírù ló gbé imú bàbá rẹ̀, ó ní kò burú. Gbogbo ọjọ́ tí a lò níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń sùn. N kì í dé èbúté kí wọ́n má fún mi ní ẹja lọ́fẹ̀ẹ́, Ìyá Oníṣawá sì ń fi mí han àwọn ìyàwó tuntun. Nígbà tí ọkọ mi dé lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí ẹni tó rójú tirẹ̀ gbọ́.

A wọ ọkọ̀ padà pẹ̀lú ẹja yíyan àti ẹní tí Ìyá fúnra rẹ̀ hun nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá. Ọkọ̀ ò fi àyà lé iyanrìn kankan, àwọn ọmọ sì bínú sí atukọ̀ títí a fi rí Èbúté Ìkòròdú. Múńírù gbà pé ọwọ́ òun ti kan etí. Orí ló tẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un. Ìyá mi wá pàdé wa. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan àwọn ọmọ bóyá wọ́n pé, ó wá wo ojú mi, ó ní, "Wọ́n gbà ọ́." Kò bi mí, ó kàn sọ ọ́.

Ọkọ̀ yẹn kò sí mọ́. Bọ́ọ̀sì ni àwọn ọmọ ọmọ mi ń wọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n á ti sùn lọ kó tó kúrò ní gáréèjì. Ìyá ti lọ, ọkọ mi ti lọ, Bàbá atukọ̀ á ti lọ. Ohun tí àjò náà kọ́ mi ò ju èyí lọ: ohun tí èèyàn bá fi ìbínú dì mú, tó bá dì í mú pẹ́, ó lè di ìfẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìbínú Ìyá ni mo fi ti ẹnu mi pa níjọ́sí. Nígbà tí Eyínfúnjowó kú, tí àlùfáà pe orúkọ rẹ̀ síta lójú gbogbo wa, n kò mọ ìgbà tí orúnkún mi kanlẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi kan bi mí lọ́jọ́sí pé kí lorúkọ rẹ̀ gan-an. Mo ní kó lọ bi Múńírù. Ẹ̀yin náà, mo ti ro gbogbo rẹ̀ fún yín látòkè délẹ̀, ẹ ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ wá sílé, kí ẹ máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúnkún mi ti dàgbà o, ṣùgbọ́n tí ẹ bá pe tirẹ̀, màá kúnlẹ̀.